Omi Tí Kò Ríbi Jáde

Ẹ̀rọ amúlétutù kan wà ní pálọ̀ wa ní Basin, ní Ìlọrin, tí kò mú ilé tutù rí. Ẹ́síì ni gbogbo wa ń pè é. Bàbá mi, ọ̀gá ilé-ìwé girama tó ti fẹ̀yìn tì, ló rà á lọ́dún tí mo wọ yunifásítì. Ó ní kí wọ́n gbé èyí tó máa ń wà níta kọ́ ara ògiri tó kọjú sí títì. Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ẹlòmíràn ń gbé tiwọn sí, ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní ẹ́síì tí aládùúgbò kò rí? Rìmóòtù rẹ̀ wà lórí tábìlì nínú ọ̀rá tó bá a wá láti ṣọ́ọ̀bù. Bí àlejò bá dé, bàbá mi á mú rìmóòtù náà dání, á wo òkè, á ní, "Iná ni ò sí." Àlejò á mi orí. Àwọn méjèèjì á máa fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara wọn, wọ́n á sì máa wo ẹ́síì bí ẹni ń wo àwòrán ọba.

Lọ́jọ́ tí iná wá dé tó sì dúró, ẹ́síì náà bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sórí àga bàbá mi. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe ní Táíwò Road, ọmọ Ìlọrin gidi, Múfútáù lórúkọ rẹ̀. Kò tú ẹ̀rọ náà rárá. Ó jáde síta, ó wá páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé omi ẹ́síì jáde, ó fi wáyà tú ilé amọ̀ tí agbọ́n kọ́ sẹ́nu rẹ̀, ó wá fi ẹnu fẹ́ ẹ. Omi tú jáde.

"Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ yín, Bàbá," ló wí. "Omi ni kò ríbi jáde. Ẹ̀rọ tí omi rẹ̀ ò bá ríbi jáde, á daṣẹ́ sílẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Fúnmiláyọ̀, ló gbé omi fún un mu. Lọ́dún kejì, wọ́n ṣègbéyàwó.

Bàbá mi kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ ọmọ àfáà kan tó jẹ́ lọ́yà, bàbá mi sì jó níbẹ̀ títí bàtà rẹ̀ fi já. Ọ̀rọ̀ fíríìjì ni. Èmi náà kò sàn jù ú lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ahọ́n mi sì ń yún mi. Níbi àsè ìgbéyàwó wọn mo gba máíìkì, mo ní kí gbogbo ènìyàn bá wa dúpẹ́, ìdílé wa ti ní ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ yìnyín. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Múfú náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé ike omi tútù kan fún mi. "Mu, àna mi, kí ọ̀fun rẹ má gbẹ."

Ohun kan tún kù nípa ilé wa. Ìyá mi kì í jáde láìpa gbogbo nǹkan. Kì í ṣe gílóòbù nìkan. Á yọ fíríìjì, á yọ tẹlifíṣọ̀n, á wá gun àpótí láti pa súwíìṣì ńlá tó wà lókè ilẹ̀kùn. Bó bá dé géètì, á tún padà wá wò ó. Ó nídìí: lọ́jọ́ kan tí Ìyá Tóyìn, aládùúgbò wa, lọ sọ́jà, iná dé lójijì pẹ̀lú agbára bíi ti àrá, ó sì sọ pálọ̀ rẹ̀ di eérú. Láti ọjọ́ náà, ní àdúgbò wa, ọmọ tó bá jáde láìpa súwíìṣì ńlá kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Nígbà tí mo dé Ìlú Ọba, bí ìyá mi bá pè mí, kì í sọ pé ó dàárọ̀. Ohun tó fi ń parí ọ̀rọ̀ ni, "Ṣé o ti pa gbogbo nǹkan?"

*

Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin kan ló fún mi ní yàrá. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló kù nínú ilé oníyàrá mẹ́fà. Ó ní kí n máa pe òun ní Dọ́rọ́tì. Mo gbìyànjú. Orúkọ náà dé eyín mi, ó ṣẹ́rí padà. Obìnrin tó lè bí ìyá mi! Mo ń pè é ní Màmá. Ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ.

Irin funfun pẹrẹsẹ kan wà lábẹ́ fèrèsé yàrá mi. Ó ní rédíétọ̀ ni. Mo wò ó, mo wo irin náà. Rédíétọ̀ tí mo mọ̀, inú mọ́tò ló ń gbé. Ní Challenge, ní Ìlọrin, àwọn awakọ̀ máa ń ṣí i láti bu omi sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yọ èéfín. Nílé wa, ó ń gba ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Níbí, ó ń gbé ooru wá fún ènìyàn. Irin kan náà, omi kan náà, iṣẹ́ ló yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà. Nílé, tíṣà ni mí. Níbí, mo ń to páálí adìyẹ ní ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń mú ẹran dì. Mo ń ti inú òtútù ìta bọ́ sínú òtútù iṣẹ́. Bàbá mi sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ̀ka tó ń rí sí ìpamọ́ oúnjẹ orílẹ̀-èdè ni mo wà.

Mo ti rò pé mo mọ òtútù. Ọyẹ́ Ìlọrin máa ń la ètè. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀sán, ọyẹ́ á sún díẹ̀, á jẹ́ kí oòrùn jókòó. Òtútù ibí kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo tibi iṣẹ́ dé, eyín mi ń lu ara wọn, mo bá lọ sídìí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan lára ògiri pálọ̀, èyí tó ń fi nọ́ńbà ìwọ̀n ooru ilé hàn, mo tẹ̀ ẹ́ dé ọgbọ̀n. Nílé, bí iná bá dé, gbogbo ènìyàn ló ń tẹ ẹ́síì sí mẹ́rìndínlógún kí ó lè yára. Màmá jáde wá, ó tẹ̀ ẹ́ padà sí méjìdínlógún.

"Nọ́ńbà yìí kì í ṣe pàṣán," ó ní. "Kò lè mú un sáré. Ibi tí yóò dúró nìkan ló ń sọ."

Ó mú mi lọ sí ilé ìdáná, ó fi àpótí funfun kan hàn mí lára ògiri. Bọ́ílà nìyẹn. Ó ń fi gáàsì mú omi gbóná, omi náà á gba inú páìpù yí gbogbo ilé ká, á fi ooru sílẹ̀ nínú rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan, á sì padà sídìí iná. Mo mi orí gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé. N kò béèrè ohunkóhun. Ọ̀mọ̀wé kì í béèrè.

Màmá ní ọmọ kan ṣoṣo, Líńdà, ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀, tí kì í bọ́ kóòtù bó bá wá kí ìyá rẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, bọ́ílà bàjẹ́ nígbà òtútù, Màmá kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró gbé e lọ sí ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Dókítà ní pálọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tutù ju méjìdínlógún lọ mọ́. Láti ìgbà náà ni Líńdà ti ń wá bẹ́ẹ̀dì fún un ní ilé àwọn arúgbó. Torí kí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì náà lè dúró díẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ayálégbé. Mi ò mọ̀ pé kí n lè máa ṣọ́ ọ ni wọ́n ṣe gbà mí.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, Líńdà wá gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé, ó wò mí lójú.

"Aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo máa dá màmá mi padà. Bí ilé yìí bá tutù, n kò ní já báàgì wọn nínú mọ́tò. Bẹ́ẹ̀dì ti wà. Kò ní sí pé wọ́n tún padà wá síbí."

Màmá ti wà nínú mọ́tò, ó yí gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀. "Jọ̀wọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré, "bá mi tọ́jú ilé mi."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Wọ́n kọ́ mi nílé."

*

Lọ́jọ́bọ̀, mo lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé, tó ń gbé ní ìlú mìíràn. Kí n tó jáde, mo rántí ọ̀rọ̀ ìyá mi. Mo yọ tẹlifíṣọ̀n, mo yọ kẹ́tùlù, mo lọ sídìí súwíìṣì ńlá lábẹ́ àtẹ̀gùn, mo pa á. Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tí mo dé ojú títì, mo tún padà wá wò ó. Inú mi dùn sí ara mi gan-an. Ilé àlejò kò ní jóná lọ́wọ́ ọmọ Basin.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo padà dé. Yìnyín dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo kí ilé, èémí mi sì jáde bí èéfín. Ẹ̀rọ ara ògiri ń fi mẹ́rin hàn. Mẹ́rin! Òtútù inú ilé náà le ju ti ìta lọ, nítorí pé ti ìta kò tíì ṣèlérí ohunkóhun fún mi.

Mo sáré tan súwíìṣì ńlá. Bọ́ílà tan iná kékeré rẹ̀, ó mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún gulugulu bí ọ̀fun ẹni tó ń mu omi láìgbé mì, ó sì dákẹ́. Iná pupa yọ. Mo tún un tẹ̀. Gulugulu. Iná pupa. Mo gbé ìwé tó bá a wá jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè tí mo gboyè nínú rẹ̀, n kò sì rí gbólóhùn kan tó bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àyàfi èyí tó ní kí n pe ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Mo pe àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn kan kò gbé e. Àwọn tó gbé e ní ó di ọjọ́ Ajé kí àwọn tó lè wá. Mo wo aago: mọ́kànlá kọjá.

Mo pe bàbá mi, fóònù rẹ̀ ti kú. Ti ìyá mi náà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fúnmiláyọ̀ ló gbé tirẹ̀.

"Kí ló dé tí ò ń mí bí ajá ọdẹ? Ta ló ń lé ọ?"

Mo sọ fún un.

"Ìwọ tí o ò pe ọkọ mi láti Iléyá, o wá mọ nọ́ńbà wa lónìí. Ṣọ́ọ̀bù la wà. Bọ̀dá Múfú, àna yín tó mọ Gẹ̀ẹ́sì rèé o."

Ó yí i sí fídíò. Ojú Bọ̀dá Múfú kún fóònù, fíríìjì mẹ́ta tí wọ́n ti tú wà lẹ́yìn rẹ̀. "Àna mi! Ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ yìnyín ló ń gbọ́ o."

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà..."

"O ò pè mí ní sà rí. Ó ti le nìyẹn. Kí ni ìwé rẹ̀ wí?"

"Ó ní kí n pe ẹni tó mọ̀."

"O ti pè é. Irú ariwo wo ló ṣe kó tó dákẹ́?"

Ojú tì mí. "Gulugulu."

"Tún un ṣe dáadáa."

"Gulugulu-gulugulu-gùlù."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀dá Múfú kò rẹ́rìn-ín. "Wáláhì, omi nìyẹn. Iná kì í ṣe gulugulu. Má ṣí àpótí yẹn o. Gáàsì ò mọ ẹni tó kàwé. Wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan. Páìpù mélòó?"

"Mẹ́fà. Márùn-ún jẹ́ irin. Ọ̀kan jẹ́ ike funfun."

"Hẹn-ẹn. Kò sẹ́ni tó máa fi ike báyẹn gbé gáàsì. Omi tí ẹ̀rọ fẹ́ dà nù ló ń gbé. Bíi ti ẹ́síì bàbá wa ni."

"Ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan gbóná lèyí, Bọ̀dá, kì í ṣe ẹ́síì. Ibo ló ti fẹ́ rí omi dà nù?"

"Bí o bá ṣí ìkòkò ọbẹ̀, kí ló wà lábẹ́ ọmọrí?"

"Omi."

"Ta ló bù ú síbẹ̀?"

Mo tún wo ike funfun náà.

"Ibi tí ooru bá ti pàdé òtútù, omi á wà níbẹ̀. Tẹ̀lé ike yẹn jáde."

Mo tẹ̀lé e. Ó gba inú ògiri ilé ìdáná jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó tò gbọọrọ lára ògiri, ó wá dojú kọ kòtò omi. Mo gbé fóònù sí ẹnu rẹ̀. Yìnyín kan yọ láti inú rẹ̀ bí eyín erin.

"Agbọ́n!" Bọ̀dá Múfú fò sókè. "Súbúhànálláhì, agbọ́n ìlú tiyín nìyẹn! Omi tó kù nínú rẹ̀ ló dì. Lọ gbé omi gbóná."

Mo sáré wọlé, mo se kẹ́tùlù, mo sáré jáde pẹ̀lú rẹ̀, èéfín ń rú bò mí lójú.

"Dúró! Ṣé ó hó?"

"Ó hó, sà."

"O fẹ́ fọ́ ike yẹn mọ́ wa lórí ni? Là á. Omi tí wọ́n lè fi wẹ ọmọ tuntun ni mo..."

Ojú rẹ̀ dúró gbagidi lójú fóònù, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó wá ku èmi nìkan, pẹ̀lú kẹ́tùlù àti yìnyín.

Mo fi omi tútù là á, mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe fún ọmọ Fúnmiláyọ̀. Mo dà á láti òkè páìpù wá sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Kò sí nǹkan. Kẹ́tùlù kejì. Kẹ́tùlù kẹta. Ìka mi kò mọ ara wọn mọ́. Aago kan ti kọjá. Mo ń ronú nípa Màmá tó jókòó nínú mọ́tò, báàgì lórí itan, níwájú ilé tirẹ̀, tí wọ́n ń yí mọ́tò padà. Ní kẹ́tùlù karùn-ún, eyín erin náà yọ bọ́ lójijì, omi sì tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbé èéfín. Mo kígbe. Ajá aládùúgbò dá mi lóhùn.

Mo tẹ bọ́ílà. Ó mí. Ó dúró. Mo dúró pẹ̀lú rẹ̀. Iná aláwọ̀ búlúù sọ nínú rẹ̀, fọ́ọ̀, kò sì kú.

Fóònù dún. "Ṣé ó ti ríbi jáde?"

"Ó ti ríbi jáde, sà."

"Alihamudulilahi. Yàrá mélòó lò ń mú gbóná?"

"Mẹ́fà."

"Arúgbó mélòó?"

"Ẹyọ kan."

"Pa rédíétọ̀ àwọn yàrá tí arúgbó náà kò ní jókòó sí. Ti ilẹ̀kùn wọn. Ẹni tó ra ẹ́síì kékeré kì í ṣílẹ̀kùn pálọ̀ ńlá."

Mo ṣe é. Mo wá dúró síwájú ẹ̀rọ ara ògiri. Méje. Mẹ́sàn-án. Ọwọ́ mi ń yún mi láti tẹ̀ ẹ́ sí ọgbọ̀n. Mo fi ọwọ́ náà sínú àpò. Kì í ṣe pàṣán.

*

Aago mẹ́rin géérégé, mọ́tò dúró. Mẹ́tàdínlógún ni ẹ̀rọ náà ń fi hàn.

Líńdà ló kọ́kọ́ wọlé, kóòtù lọ́rùn. Kò kí mi. Ó gbé ọwọ́ lé rédíétọ̀ pálọ̀, ó wo ara ògiri. Ó lọ sí ilé ìdáná, ó yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, ó padà wá.

"Kí ni kẹ́tùlù ń ṣe nínú yìnyín?"

Mo lè parọ́. Mo ní oyè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá ti wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀: súwíìṣì ńlá, Ìyá Tóyìn, páìpù tó dì.

"Bọ́ílà yẹn máa ń jí fúnra rẹ̀ bí òtútù bá pọ̀ jù, kí ó má bàa dì," Líńdà wí, kò gbé ohùn sókè. "Ìwọ gan-an lo gé iná mọ́ ọn. Nínú oṣù kìíní."

"Èmi ni. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìtọ́jú ilé níbi tí mo ti wá nìyẹn."

"Ta ló bá ọ tún un ṣe lọ́jọ́ Àìkú?"

"Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ní Táíwò Road."

"Ṣé ó jìnnà síbí?"

Mo rò ó wò. "Ó jìnnà díẹ̀."

Líńdà yíjú sí ìyá rẹ̀. "Mẹ́tàdínlógún ni. Dókítà ní méjìdínlógún. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Màmá kò lọ. Ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù, báàgì lórí itan. "Jẹ́ ká wò ó," ó ní.

Líńdà jókòó. Èmi náà jókòó. Àwa mẹ́ta ń wo ara ògiri, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi àti àlejò rẹ̀ ṣe máa ń wo ẹ́síì. Mo gbọ́ bí omi ṣe ń rìn nínú páìpù. Màmá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, Líńdà wò ó, ó tún wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú márùndínlógún. Níta, omi ń kán láti ẹnu ike funfun náà, tó, tó, tó.

Nọ́ńbà náà yí padà.

Màmá dìde. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Líńdà," ó ní, "bá mi gbé báàgì mi lọ sókè." Líńdà wò wá lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ kó tó gbé e.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá mi pè. Ó ní bàbá mi ti gbọ́, ó sì ti ń sọ fún àwọn alàgbà pé iléeṣẹ́ gáàsì Ìlú Ọba ló gbà mí síṣẹ́. Ó ní Fúnmiláyọ̀ sọ pé mo pe Múfú ní sà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá dé ibi tó máa ń parí ọ̀rọ̀ sí.

"Mo gbọ́ pé òwúrọ̀ kùtùkùtù lo máa lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Ṣé o máa pa gbogbo nǹkan kí o tó jáde?"

Mo wo àpótí funfun náà lára ògiri.

"Rárá, Màmá mi. Mo máa fi sílẹ̀ kó máa jó."

Mo gbọ́ tí àpótí rẹ̀ dún bó ṣe jókòó lé e.

"Ẹnìkan wà nílé, àbí?" ó ní.

"Ẹnìkan wà nílé."